Apá Kejìlélógójì

Ní Giresun, létí Òkun Dúdú, bí agogo mẹ́jọ bá ti lù lálẹ́ Ọjọ́bọ̀,
ológbò gan-an mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa ṣílẹ̀kùn fóun.
Ilé Binnaz, ìyá ọkọ mi, la máa ń kóra jọ sí,
torí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ló fẹ̀ jù ládùúgbò.
A ó da èso fíńdíkì sórí aṣọ láàárín yàrá,
a ó máa pa á, a ó máa wòran, a ó máa bú wọn.

Nazmiye ló lẹ́nu jù.
Eyín mẹ́ta ló kù ún kù,
ṣùgbọ́n kí Mehpare ṣáà yọjú,
Mehpare tó dáná sun lẹ́tà tí ọmọ rẹ̀ kọ síyàwó,
"Ẹ wò ó! Ojú bí ẹyin òbu!"
Fíńdíkì a fò lọ́wọ́ ẹ̀, a ba ojú ẹ̀rọ, kó!
"Má fọ́ ọ fún mi," ni Binnaz máa wí. "Kò gbọ́ ẹ."
"Á gbọ́!"

Dursun, ẹ̀gbọ́n Binnaz, kì í wòran. Ó ní eré obìnrin ni.
Ìwé ìròyìn ló ń kà ní kọ̀rọ̀ yàrá,
ojú ewé kan ṣoṣo láti agogo mẹ́jọ dé mọ́kànlá.
Lọ́jọ́ tí wọ́n ní Nilhan ò ní ríran mọ́,
òun ló bi wá pé, "Dókítà wo ló wí bẹ́ẹ̀?"
ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Lálẹ́ tí mò ń wí yìí, Nilhan wọṣọ funfun.
Ó fẹ́ fẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ṣe dókítà ẹṣin.
Ọkọ̀ Alpagut ti rì láti apá kọkànlá,
wọ́n ti sin pósí òfìfo, a ti sunkún rẹ̀ tán.
Perihan tilẹ̀ ro ìyẹ̀fun dídùn tí à ń pín nítorí òkú,
ó gbé e kiri, ojúlé dé ojúlé.
Akọ̀wé ìjọba ṣíwèé. Ó ní, "Ṣé o gbà?"
Ilẹ̀kùn ṣí.
Bàtà la kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà, ọwọ́. Lẹ́yìn náà, àpá lọ́rùn.
Orin ń gòkè, ojú ẹni mẹ́sàn-án ni wọ́n fi hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan,
ká tó rí i:
Alpagut.

Nazmiye, tí kì í nàró láìsí ọ̀pá, fò dìde.
"Mo wí fún yín! Òkú tí a ò fojú rí, a kì í pè é lókùú!"
"Nilhan, má fọwọ́ síwèé o!"
"Opó tí ò lè mú sùúrù!"
Perihan ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, imú ẹ̀ ń dà.

Ìgbà náà ni wọ́n rántí mi.

Èmi tí mo jókòó ti ìyá Yalçın,
Yalçın tó bá ọkọ̀ ẹlẹ́ja lọ sójú òkun lọ́dún méje sẹ́yìn,
tí òkun dá bàtà rẹ̀ ẹyọ kan padà.
Òrùka wà lápò mi.
Satılmış, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe ní èbúté, ló fún mi.
Mo rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀.
Dókítà ẹṣin yẹn ni mò ń wò,
tó di òdòdó mú,
tí ẹni tó ń yàwòrán pàápàá ti gbàgbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Mo kórìíra ẹni tó kọ eré náà.

Ìpolówó dé: ọṣẹ, báǹkì, ọṣẹ.
Ọwọ́ gbogbo dúró lórí fíńdíkì.
Binnaz bu tíì fún mi, ó sọ ṣúgà méjì sí i,
bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé ẹyọ kan ni tèmi.
"Eré ni," ó ní. "Àwọn tó ń kọ ọ́ ò gbé létí òkun rí."
Kò wò mí. Ọṣẹ ló ń wò.
"Sọ fún atẹ́ńjìnnìṣe yẹn
kó yéé dúró sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ mi bí olè.
Lọ́jọ́ Àìkú, kó wọlé wá mu tíì."

Dursun ṣí ewé ìwé ìròyìn,
àkọ́kọ́ rẹ̀ lálẹ́ náà.
Nazmiye jókòó, ó wá ọ̀pá rẹ̀ tì.
"Ẹ dákẹ́," ó ní, "ó ti bẹ̀rẹ̀."
Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀.